MÉJÌ TÓ DI MẸ́TA: Ọ̀RỌ̀ LÓRÍ ẸGBẸ́ ÒGBÓNI ÀTI ÌBÚRA MÙSÙLÙMÍ

Ìwàásù ọjọ́ Jímọ̀, ní mọ́sálásí wa, Èbúté Èrò, Èkó

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Ọba Àṣàkẹ́ ọ̀run.

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó mọ ohun tó hàn, tí ó sì mọ ohun tó pamọ́. À ń yìn Ín, à ń wá ìrànlọ́wọ́ Rẹ̀, à ń tọrọ àforíjìn lọ́dọ̀ Rẹ̀, a sì ń sá di Í kúrò nínú aburú ọkàn wa àti aburú iṣẹ́ ọwọ́ wa. A jẹ́rìí pé kò sí ẹni tí ìjọsìn tọ́ sí lódodo àyàfi Ọlọ́hun nìkan, kò ní orogún. A sì jẹ́rìí pé Ànábì Muhammad, ẹrú Rẹ̀ ni, òjíṣẹ́ Rẹ̀ sì ni. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn sàhábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, ara wa ni a kọ́kọ́ ń bá wí kí a tó bá yín wí: ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rù Ọlọ́hun.

Ní àkókò òjò tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn àgbà tí a jọ ń kírun níbí papòdà. Kété tí a kírun Àsùbáà tán ni wọ́n wá pè wá. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà, a bá ọkùnrin márùn-ún níwájú ilé, ìtagbè wà ní èjìká wọn. Wọ́n ní ọmọ Ìyá àwọn ni ó kú, pé àwọn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọlé lọ ṣe ohun tó yẹ fún un, ohun tí ojú ọ̀gbẹ̀rì kò gbọdọ̀ rí. Àkọ́bí olóògbé dúró sí àárín àwọn àti àwa. Kò mọ̀ rí pé baba òun wà nínú ẹgbẹ́ kankan. Ó wo wọ́n, ó wo wá, ó ní: "Ẹ̀yin baba mi, nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ló ni baba mi?"

Kò sí ẹni tó dá a lóhùn. Ànábì wa (kí ìkẹ́ Ọlọ́hun máa bá a) pa á láṣẹ pé kí a tètè máa gbé òkú lọ sí sàréè. Ṣùgbọ́n ọ̀sán pọ́n, a kírun Jímọ̀ mọ́ ọn lórí, nítorí ọjọ́ Jímọ̀ ni, ìrun Alásàrí sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kí a tó gbé e dé Àbàrì. A kò ní dárúkọ olóògbé. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n nínú wa, kó pa orúkọ náà mọ́ sí ikùn. Ìbéèrè ọmọ yẹn ni a gbé wá sórí mínbárì lónìí.

Ọ̀rọ̀ Ògbóni ni a fẹ́ sọ. A mọ̀ pé bí a ti dárúkọ yìí, orí àwọn kan ti wálẹ̀. Ìdílé pọ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó níbí tí baba tàbí bàbá àgbà wọn ti jókòó ní ilédì rí, a kò sì wá síbí láti bú òkú ẹnikẹ́ni. Ọlọ́hun Ọba kìlọ̀ fún wa nínú Súrátul-Máídà pé kí ìkórìíra tí a bá ní sí àwọn ènìyàn kan má ṣe sún wa débi tí a kò fi ní ṣe ẹ̀tọ́ sí wọn. Nítorí náà, kí a tó sọ ohun tí a kọ̀, òótọ́ ni a óò kọ́kọ́ sọ.

Òótọ́ náà ni pé Ògbóni kì í ṣe ẹgbẹ́ tí àwọn ọ̀daràn kó jọ ní òru ọjọ́ kan. Ilé ẹjọ́ àwọn baba ńlá wa ni. Ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, àwọn Ògbóni ni ó ń ṣe òfin ìlú, àwọn ni ó ń dá ẹjọ́. Ní Ìjẹ̀bú, níbi tí púpọ̀ nínú àwọn baba tó fi ọkọ̀ ojú omi gbé ọjà wá sí Èbúté Èrò yìí ti wá, Òṣùgbó ni wọ́n ń pè é, ọba kì í sì í dá ọ̀ràn ńlá ṣe lẹ́yìn wọn. Olúwo ni olórí. Àpènà ni ó ń pe ìpàdé tí ó sì ń tọ́jú edan. Ìwàrẹ̀fà ni àwọn mẹ́fà tí ìmọ̀ràn pin sí lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n ní àwọn Erelú láàárín wọn, kí ohùn obìnrin má baà sọnù nínú ọ̀rọ̀ ìlú, èyí tí ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ òde òní kò tíì rántí láti ṣe, kódà ìgbìmọ̀ mọ́sálásí. Edan tí à ń wí yìí, ère idẹ méjì ni, akọ kan, abo kan, tí ẹ̀wọ̀n so pọ̀ láti orí. Bí ìjà bá bẹ́ sílẹ̀ tí a sì gbé edan dé ibẹ̀, ìjà parí nìyẹn. Ẹni tó bá ta ẹ̀jẹ̀ ọmọnìkejì rẹ̀ sílẹ̀ nínú ìjà, ẹjọ́ rẹ̀ di ti ilédì, nítorí wọ́n ní ó ti ba Ilẹ̀ jẹ́. Yóò san ìtanràn, wọn yóò sì ṣe ètùtù.

Èdè tí à ń sọ lónìí ṣì ń jẹ́rìí sí bí ọwọ́ wọn ti gùn tó. Nígbà tí a bá pe ẹnì kan ní ọ̀dàlẹ̀, kí ni a sọ pé ó dà? Ilẹ̀ ni. Nígbà tí ọlọ́jà kan bá sì sọ pé ìmùlẹ̀ òun ni ẹnì kan, kí ni wọ́n jọ mu? Ilẹ̀ náà ni. Mùsùlùmí tó kírun lẹ́ẹ̀márùn-ún lójúmọ́ ń fi ẹnu sọ ọ̀rọ̀ ilédì nínú ọjà láìmọ̀. A kò sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni ó ti dà. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a mọ ibi tí ó ti wá.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ó gba ẹjọ́ lọ́wọ́ ilédì. Wọ́n ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní 1892 ní ogun Ìmàgbọn. Ní Abẹ́òkúta, ìjọba tuntun tí wọ́n tò ní 1898 ti dín agbára àwọn Ògbóni kù, nígbà tí ó sì di 1914, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun yìnbọn pa àwọn ará Ìjẹmọ̀, òmìnira ilẹ̀ Ẹ̀gbá parí pátápátá. Ẹ fi ọdún 1914 yẹn sọ́kàn. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún náà, níhìn-ín l'Ékòó, àlùfáà ìjọ Áńgílíkà kan, T. A. J. Ògúnbíyìí, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Christian Ogboni Society. Ọdún tí ilé ẹjọ́ àtijọ́ wó ni ẹgbẹ́ tuntun gbé orúkọ rẹ̀ wọ̀.

Kí ló lè mú àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì máa wá Ògbóni? Ẹ rántí bí Èkó ti rí nígbà náà. Àwọn ọ̀mọ̀wé aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ti ń bá òyìnbó jókòó tẹ́lẹ̀ rí i pé ìlẹ̀kùn ti ń tì mọ́ wọn lójú, nínú ìjọ àti nínú iṣẹ́ ìjọba. Wọ́n ti fi Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther wọ́lẹ̀ kí ó tó kú ní 1891. Ní ọdún yẹn kan náà ni àwọn kan jáde lọ dá ìjọ tiwọn sílẹ̀, àwọn mìíràn sì ju orúkọ òyìnbó nù, bí David Vincent tó di Mojọlá Agbébí. Lọ́ọ̀jì àwọn Freemason sì ti wà l'Ékòó láti 1867, ẹ̀ka igi tí wọ́n gbìn sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1717. Lójú tiwa, ohun tí àwọn ọmọ Èkó wọ̀nyẹn rò kò ju èyí lọ: bí òyìnbó bá ní ẹgbẹ́ tí ó ń fi àmì kí ara wọn, tí wọ́n sì ń gbé ara wọn ró, àwọn baba tiwa náà ní irú rẹ̀ rí, kí ló dé tí a ó fi lọ yá aṣọ tí ó wà nínú àpótí ilé wa? Wọ́n ní àwọn óò fọ aṣọ náà, àwọn óò yọ òrìṣà kúrò nínú rẹ̀, ìfẹ́ ará ni yóò ṣẹ́kù.

Ogún ọdún gbáko ni wọ́n fi jẹ́ ti Kìrìsìtẹ́nì. Ní 1934 ni wọ́n yí orúkọ padà sí Reformed Ogboni Fraternity, tí gbogbo wa mọ̀ sí R.O.F., kí Mùsùlùmí àti ẹlẹ́sìn yòówù lè wọlé. Wọ́n sì máa ń sọ ọ́ ní gbangba títí di òní pé àwọn kì í ṣe ẹgbẹ́ òkùnkùn, pé ẹnikẹ́ni tó bá ti gba Ọlọ́run gbọ́ lè bá àwọn jókòó. Ọ̀nà tí àwọn baba kan láàárín wa gbà wọ ibẹ̀ nìyẹn. Wọn kò rò pé àwọn ń fi ẹ̀sìn sílẹ̀.

Ohun tí a bi ara wa nígbà tí à ń múra ìwàásù yìí ni pé: nígbà tí ẹjọ́ ìlú ti kúrò lọ́wọ́ wọn, kí ló ṣẹ́kù nínú Ògbóni? Ní ayé àtijọ́, ilédì ń dá ẹjọ́ fún gbogbo ìlú, fún ọ̀gbẹ̀rì àti awo. Ẹni tí kò wọ ẹgbẹ́ ń jàǹfààní rẹ̀. Ní òde òní, ẹni tó wà nínú rẹ̀ nìkan ni ó wà fún. Àṣírí ṣẹ́kù, ìbúra ṣẹ́kù, ìdájọ́ òdodo fún ará ìta ti lọ. Orí ẹ̀ka méjì tó ṣẹ́kù yìí ni ẹ̀sìn wa ti ní ọ̀rọ̀ láti sọ.

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn àgbà: Ògbóni méjì, ó di ẹ̀ta. Gbogbo wa ti gbọ́ ọ rí. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé nígbà tí méjì nínú wọn bá jọ sọ ọ̀rọ̀ àṣírí, wọn kì í ṣe méjì mọ́, ẹnì kẹta wà láàárín wọn tí ó ń gbọ́, tí yóò sì gbẹ̀san bí ẹnì kan bá dalẹ̀. Ẹnì kẹta náà ni Ilẹ̀. Ìyá ni wọ́n ń pè é, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe ara wọn ní ọmọ Ìyá.

Ẹ wá ṣí Àlùkùránì Alápọ̀n-ọ́nlé yín sí Súrátul-Mujádílà, áyà keje. Ọlọ́hun Ọba sọ fún wa níbẹ̀ pé kò sí ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ láàárín ẹni mẹ́ta àyàfi kí Òun jẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kẹrin wọn, kò sí láàárín ẹni márùn-ún àyàfi kí Òun jẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kẹfà; wọn ìbáà kéré jù bẹ́ẹ̀, wọn ìbáà pọ̀ jù bẹ́ẹ̀, Ó wà pẹ̀lú wọn, níbikíbi tí wọ́n bá wà. Ẹ̀yin ará, ẹ fi áyà yìí sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ ilédì kí ẹ wò ó. Àwọn baba ńlá wa mọ̀ pé ènìyàn méjì kò lè fi ara wọn pamọ́, pé ẹlẹ́rìí kan wà. Ohun tí wọ́n mọ̀ yẹn, òótọ́ ni. Orúkọ ẹlẹ́rìí náà ni wọ́n ṣì.

Àti pé Ilẹ̀ fúnra rẹ̀, a kò sọ pé kò ní ẹ̀rí láti jẹ́. Súrátul-Sálísálà kọ́ wa pé ní ọjọ́ tí ilẹ̀ yóò mì tìtì, yóò sọ ìròyìn rẹ̀. Ànábì sì ṣàlàyé fún àwọn sàhábé pé yóò jẹ́rìí lórí olúkúlùkù lọ́kùnrin lóbìnrin nípa ohun tí ó ṣe lórí ẹ̀yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni yóò mú un sọ̀rọ̀? Nítorí pé Olúwa rẹ̀ pa á láṣẹ fún un ni. Ilẹ̀ yóò jẹ́rìí, kò ní dá ẹjọ́. Òun náà yóò wárìrì ní ọjọ́ náà bí ẹ̀dá yòókù. Ta ni ó máa ń búra lórúkọ ẹlẹ́rìí nígbà tí adájọ́ wà níjókòó?

Nípa ìbúra, ọ̀rọ̀ náà kò ní àbùjá. Ànábì bá Umar ọmọ Khattab lórí ìrìn àjò, ó ń fi baba rẹ̀ búra. Ó kéde fún wọn pé Ọlọ́hun kọ̀ fún wọn láti máa fi àwọn baba wọn búra, pé ẹni tí yóò bá búra, kó fi Ọlọ́hun búra, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó dákẹ́. Bukhari àti Muslim ni ó gbà á wá. Bí Umar kò bá lè fi baba tó bí i búra, kí ni yóò mú Mùsùlùmí fi edan búra, tàbí erùpẹ̀ tí a fi omi pò?

Àwọn kan ti sọ fún wa pé: "Àwa kò fi edan búra o, Ààfáà. Àlùkùránì ni a gbé dání." Ọ̀rọ̀ yìí wuwo, kò yẹ kí a fi ẹ̀rín kọjá rẹ̀. Ṣùgbọ́n a óò bi ẹni tó sọ ọ́ ní ìbéèrè kan: kí ni o búra lé lórí? Bí wọ́n bá ní kí o kọ́kọ́ búra kí o tó mọ ohun tó wà nínú ilé, o ti fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun ṣe onídùúró fún ohun tí o kò rí. Bí o bá búra pé ohunkóhun tí ọmọ ẹgbẹ́ rẹ bá ṣe, ìwọ yóò bò ó, ìwọ yóò ràn án lọ́wọ́, kí ni o fẹ́ ṣe lọ́jọ́ tí ẹjọ́ bá wà láàárín òun àti opó kan tí kò mọ ẹnikẹ́ni? Súrátul-Nísáà pa á láṣẹ fún wa láti dúró ti òdodo, ìbáà jẹ́ lórí ara wa, tàbí lórí òbí wa, tàbí lórí ìbátan wa. Áyà yìí kò yọ ọmọ ẹgbẹ́ sílẹ̀.

Òfin ilẹ̀ wa náà ti rí ibi tí ewu wà. A kì í fi òfin ìjọba ṣe ẹ̀sìn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a mọ̀ ọ́n: apá 38 nínú òfin ìpilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999, tí ó fún wa ní òmìnira láti ṣe ẹ̀sìn tí ó wù wá, apá yẹn kan náà sọ pé òmìnira náà kò fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ láti dá ẹgbẹ́ òkùnkùn sílẹ̀ tàbí láti wà nínú rẹ̀. Nígbà tí òfin náà sì ń ṣàlàyé irú ẹgbẹ́ tí ó ń wí, ó mẹ́nu ba àmì àṣírí àti ìbúra, ó sì fi kún un pé kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ máa gbe ara wọn lẹ́yìn láìwo ẹ̀tọ́ àti òdodo, tí ó sì ń pa ẹni tí kò sí nínú ẹgbẹ́ lára. Bóyá ẹgbẹ́ kan wọ inú àlàyé yìí tàbí kò wọ̀ ọ́, iṣẹ́ ilé ẹjọ́ nìyẹn. Ohun tí a ń tọ́ka sí ni ará ìta tí a pa lára.

Ará ìta yìí ni ó mú wa rántí ìmùlẹ̀ mìíràn. Ní Mákà, kí iṣẹ́ ìjíṣẹ́ tó dé, oníṣòwò kan wá láti Yámánì, ó ta ọjà fún Al-Ās ọmọ Wā'il, ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́lá ìlú, ẹni náà gba ọjà, kò sanwó. Àlejò ni oníṣòwò náà. Èrò ni, bí a ti ń sọ ọ́ ní èbúté tiwa níbí. Kò ní ẹbí ní ìlú, kò sí ẹni tó dá sí i. Ó gun òkè Abú Qubays, ó ké jáde. Nígbà náà ni àwọn kan nínú Kùráẹ́ṣì péjọ sí ilé Abdullah ọmọ Jud'ān, wọ́n sì búra pé ẹni tí wọ́n bá rẹ́ jẹ ní Mákà, ọmọ ìlú ni o, àlejò ni o, àwọn óò wà lẹ́yìn rẹ̀ títí ẹ̀tọ́ rẹ̀ yóò fi tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ànábì Muhammad wà níbẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin ni nígbà náà. Lẹ́yìn tí ó di Ànábì, ó sọ pé òun kò ní fi ìpàdé ọjọ́ náà gba ràkúnmí pupa, pé bí wọ́n bá pe òun sí irú rẹ̀ nínú Ìsìláàmù, òun yóò jẹ́ ìpè náà.

Ẹ wò ó dáadáa. Wọ́n dá ẹgbẹ́, wọ́n búra, àwọn kan péjọ nínú ilé ẹnì kan. Nítorí ọ̀gbẹ̀rì ni wọ́n ṣe é.

Èyí ni a rí sọ. A ń tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún ara wa àti fún yín, ẹ tọrọ àforíjìn Rẹ̀.

(Lẹ́yìn ìjókòó díẹ̀, ìwàásù kejì.)

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, kí ìkẹ́ àti ọlà máa bá Ànábì tí kò sí Ànábì mìíràn lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ̀yin ará, bí a bá dúró síbi tí a dé yìí, ìwàásù wa kò pé, a ó sì ti fi ìka kan ṣoṣo tọ́ka sí ẹlòmíràn. Olóògbé tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀, báwo ni ó ṣe dé ìdí ẹgbẹ́? Òun fúnra rẹ̀ ni ó sọ ọ́ fún àwa kan ní ìgbà ayé rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ jóná. Gbogbo ọjà tó wà nínú rẹ̀, àwìn ni ó fi rà á. Ó wá sí mọ́sálásí yìí ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, ó kírun nínú sàfù kejì, ó dúró ní ẹnu ọ̀nà lẹ́yìn ìrun. A kí i, a ní "Ọlọ́hun yóò fi òmíràn rọ́pò," a sì bá tiwa lọ. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó mọ ilé rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan mú àwọn ẹni mélòó kan wá bá a, wọ́n san owó ilé, wọ́n gba ọjà fún un, wọn kò bi í léèrè nǹkan kan ní ọjọ́ yẹn. Ọdún kan kọjá kí wọ́n tó mú un lọ sí ilédì. Nígbà tí ó sọ ọ̀rọ̀ yìí fún wa, a dákẹ́. Ìtìjú ni ó pa wá lẹ́nu mọ́. Nígbà tó yá, a sọ pé a óò padà bá a sọ̀rọ̀. A kò padà.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àwọn tó wọ ẹgbẹ́, owó àti agbára nìkan ni wọ́n ń wá. Àwọn tó ń wá a wà, kí Ọlọ́hun la ojú wọn. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn, ẹni tí yóò mọ ilé wọn ni wọ́n wá lọ.

Nígbà tí àwọn Múhájírúùnà dé Mẹ̀dínà láìní nǹkan kan, Ànábì so wọ́n pọ̀ ní méjì méjì pẹ̀lú àwọn onílé, ní ojú gbogbo ènìyàn. Sa'd ọmọ Rabī' fẹ́ pín ohun ìní rẹ̀ sí méjì kó fún Abdur-Rahman ọmọ Awf ní ìdajì. Abdur-Rahman ṣàdúà fún un, ó ní kó kàn fi ọ̀nà ọjà hàn òun. Ó lọ, ó ta wàràkàṣì àti òrí màlúù, ó sì jèrè. Ẹ̀yin ọlọ́jà Èbúté Èrò, ẹ̀yin lẹ mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí ju àwa lọ: kí ẹnì kan mú ọ lọ sí ọjà, kó sọ fún àwọn olówó pé "mo mọ̀ ọ́n, ẹ fún un lọ́jà." Kò sí àṣírí kan nínú rẹ̀.

A kò sì ní láti lọ jìnnà tó Mẹ̀dínà. Ní 1923, àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí péjọ ní ìlú Èkó yìí, wọ́n dá Ansar-ud-Deen sílẹ̀, nítorí púpọ̀ nínú àwọn ọmọ Mùsùlùmí kò rí ilé ìwé lọ àfi kí wọ́n yí orúkọ padà. Ẹgbẹ́ ni wọ́n náà ṣe, wọ́n dá owó, wọ́n ní olóyè. Ilé ìwé wọn wà ní Alákòró, kò ju ìrìn ẹsẹ̀ díẹ̀ lọ sí ibi tí a jókòó sí yìí, ọmọ ẹni tí kò dá kọ́bọ̀ sì ti kàwé níbẹ̀. Àwọn náà gbé ayé ìgbà tí òyìnbó ń fi ojú kékeré wo aláwọ̀ dúdú, ìdáhùn tí wọ́n rí sí i ni a ń fi hàn yín.

Ọ̀rọ̀ kù fún ẹni tó ti wà nínú rẹ̀, tí ó jókòó sáàárín wa nísinsìnyí. A kò pè ọ́ ní kèfèrí. Iwájú rẹ ni a ń kí, ẹ̀yìn rẹ ni a kò mọ̀, Ọlọ́hun ni ó mọ̀ ọ́n. Bí ọkàn rẹ bá fẹ́ jáde, túúbá ni ọ̀nà, ìlẹ̀kùn rẹ̀ kò tì. Ẹni tí ó bá ti fi ohun mìíràn búra, Ànábì kọ́ wa pé kó sọ gbólóhùn Lā ilāha illa-Llāh. Ìlérí tí ènìyàn bá sì ṣe láti ṣẹ Ọlọ́hun, Ànábì ní kí ó má ṣe mú un ṣẹ. Nítorí náà, ìbúra yẹn kò dè ọ́. Àṣírí ẹlòmíràn tí o mọ̀, má ṣe lọ máa tú u káàkiri ìlú. Jáde ni a ní kó o jáde, a kò ní kó o di olófòófó. Ohun tí ó jẹ́ tiwọn lọ́wọ́ rẹ, dá a padà fún wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

A mọ̀ pé ẹ̀rù ni ó mú àwọn míì dúró. Wọ́n ti gbọ́ ọ láti kékeré pé ẹni tó bá dalẹ̀ yóò bá ilẹ̀ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni kì í bá ilẹ̀ lọ? Súrátu Táhà sọ fún wa pé inú rẹ̀ ni a ti dá wa, inú rẹ̀ ni a óò dá wa padà sí, láti inú rẹ̀ ni a ó sì tún mú wa jáde lẹ́ẹ̀kan sí i. Olóòótọ́ ń bá ilẹ̀ lọ, ọ̀dàlẹ̀ ń bá ilẹ̀ lọ. Ọjọ́ tí oníkálukú yóò lọ ti wà lákọsílẹ̀, kò sí ní ọwọ́ Àpènà.

Kí a padà sí ẹnu ọ̀nà ilé yẹn. Ohun tó mú ọ̀rọ̀ pẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́ ni pé olóògbé kò fi ìwé kankan sílẹ̀. Èyí tó dàgbà jù nínú àwọn ọkùnrin márùn-ún náà kì í ṣe aláìmọ̀wà. Ó ní bí a bá lè fi ọwọ́ ìwé ọ̀rẹ́ òun han òun pé Mùsùlùmí ni kó wẹ òun, pé kí ẹlòmíràn má ṣe fọwọ́ kàn án, àwọn óò lọ. A wá a lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, a wá a nínú àpótí; ìtagbè ni a rí níbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ni ó wá kúnlẹ̀, tí ó ń bẹ àwọn àgbà méjèèjì, tiwọn àti tiwa, títí wọ́n fi gbé ìtagbè náà, tí wọ́n sì yà fún wa. Opó tí kò tíì sunkún ọkọ rẹ̀ tán ni a fi sí ipò yẹn.

Ànábì sọ pé Mùsùlùmí tó bá ní ohun tí yóò sọ àsọtẹ́lẹ̀ lé lórí kò gbọdọ̀ sun òru méjì láìjẹ́ pé àsọtẹ́lẹ̀ rẹ̀ wà ní kíkọ lọ́dọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, ìgbìmọ̀ mọ́sálásí ti tẹ ìwé àsọtẹ́lẹ̀ kan, ojú ewé kan péré ni, Yorùbá ni a fi kọ ọ́: ta ni yóò wẹ̀ ọ́, ta ni yóò kírun sí ọ lára, gbèsè tí o jẹ, gbèsè tí wọ́n jẹ ọ́. Ó wà lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ẹnu ọ̀nà, ọ̀fẹ́ ni. Kí ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí i, kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ sì mọ ibi tí o fi í pamọ́ sí. Èkejì ni pé láti Jímọ̀ tó ń bọ̀, a óò ya àpótí kan sọ́tọ̀ fún ẹni tí ọjà rẹ̀ bá jóná tàbí tí àìsàn bá dá dúró, a óò sì máa ka iye tó wọlé àti iye tó jáde sí etí ìjọ ní oṣooṣù. Sàfù kọ̀ọ̀kan yóò ní ẹni méjì tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti mọ ilé àwọn tó kù, kí wọ́n sì wádìí ẹni tí a kò bá rí. Ẹni tó bá fẹ́ bá wa sọ̀rọ̀ nípa ẹgbẹ́ tí ó ti wà, lẹ́yìn ìrun Alásàrí ọjọ́ Àlàmísì, a máa ń wà ní yàrá tó kọjú sí ibi àlùwàlá. Kó mú ẹni tí ó bá fọkàn tán dání bí ó bá fẹ́.

Ìbéèrè ọmọ yẹn, kí gbogbo wa tó kúrò nílé lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, ẹnu wa ti dá a lóhùn, nígbà tí wọ́n tú u fún wa pé ó ti lọ, tí a sì wí pé ti Ọlọ́hun ni wá, ọ̀dọ̀ Rẹ̀ ni a ó sì padà sí. Ẹnu ọ̀nà ni a dé tí a gbàgbé.

Ọlọ́hun, forí jin olóògbé wa, mú sàréè rẹ̀ gbòòrò, kí O sì tu opó rẹ̀ nínú. Forí jì wá lórí ọjọ́ tí ó dúró ní ẹnu ọ̀nà yìí tí a bá tiwa lọ. Tọ́ àwọn ọ̀dọ́ Ìsàlẹ̀ Èkó sọ́nà, kí O má ṣe jẹ́ kí òkùnkùn di ilé fún wọn. Ṣàánú àwọn òbí wa, èyí tó wà láyé àti èyí tó ti lọ. Fi ìfọ̀kànbalẹ̀ sí ìlú Èkó àti Nàìjíríà lápapọ̀. Àmín.

Ẹ dìde, ẹ to sàfù yín kó gún. Ẹ gbé ìrun dúró.